Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọkọ̀ Eré Àlòkù Wò, Ká Tó Dá Owó Lé E

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí Kérésì bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí i ní Kàbà níbí: Porsche pupa kan á yọ láti ọ̀nà Ọbájànà, àwọn ọmọdé á sá tẹ̀ lé e, ẹni tó ń wà á á sì máa fi ẹ̀gbẹ́ gun gálọ́ọ̀pù bí ẹni tó ru ẹyin. Tí ọdún tuntun bá kọjá, ẹni tó ni ín á padà sí Àbújá tàbí Amẹ́ríkà, ọkọ̀ á kù sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò nílé bàbá rẹ̀. Ọdún kan, ọdún mẹ́ta, la ó bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tà á, "owó pọ́ọ́kú".

Rewáyà ni mí. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń yẹ ọkọ̀ wò ló sọ mí di ẹni tí wọ́n ń pè lọ sí Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Ìyàrá, títí dé Àbújá, kí n wá bá wọn wo irú ọkọ̀ báyìí. Mo ti rí èyí tí wọ́n pè ní mílíọ̀nù 9 tó sàn ju ti mílíọ̀nù 20 lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti ṣe sára ọkọ̀, tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ sanwó rẹ̀, ó ń tà á pọ̀ mọ́ ọkọ̀ fún yín ni. A fi ń yẹ ọkọ̀ wò ká lè ka iṣẹ́ yẹn ní ẹyọ ẹyọ, ká dá owó lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká sì yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n ń pè.

1. Ẹ mọ àrùn ìdílé ọkọ̀ náà kí ẹ tó kúrò nílé

Kò sí ọkọ̀ eré tí kò ní àrùn ìdílé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kíkùn tó ń dán ni yóò máa wò.

Porsche Boxster àti 911 ni wọ́n ń gbé wá bá mi jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Boxster tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2008, àti 911 ìgbà náà tó ń lo omi radiétọ̀, ní bẹ́àrín kan nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní IMS. Òun ló gbé ọ̀pá tó ń fa àwọn ṣéènì tó ń mú fáfù ṣiṣẹ́. Láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti fi gíríìsì sínú rẹ̀, wọ́n fi sílì dí i lójú. Bí sílì yẹn bá gbó, ọ́ìlì gbígbóná á fọ gíríìsì dànù, bẹ́àrín á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Ọjọ́ tó bá fọ́, ṣéènì á fò, fáfù á kọlu pístìnì, ẹ́ńjìnnì á di ohun tí wọ́n ń gbé lọ fún àwọn tó ń ra irin ní kílò. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fọ́, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fojú wò ó láti ìta. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á ni pé, "Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ IMS? Ìwé iṣẹ́ dà?" Ẹ́ńjìnnì tuntun tí Porsche gbé wọlé fún ọkọ̀ 2009 kò ní bẹ́àrín yìí rárá. 911 Turbo àti GT3 ayé ìgbà yẹn pàápàá bọ́ nínú ìṣòro yìí, torí pé ẹ́ńjìnnì mìíràn ni wọ́n ń lò. Ìdí nìyẹn tí owó 911 ti 2008 àti ti 2009 fi lè jìnnà síra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìbejì ni wọ́n rí.

Àrùn kejì wọn ni kí pístìnì máa ha ara sílíńdà. Tó bá jẹ́ 911 tí ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ pín sọ́tùn-ún sósì, ẹ ki ìka bọ ẹnu méjèèjì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá dúdú, tó sì ní ọ̀rá ju ìkejì lọ, ẹ fura. Kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń ti bọ inú ihò plọ́ọ̀gì ló máa parí ẹjọ́ yẹn.

Ferrari 360, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1999, ń lo taimin bẹ́líìtì tó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ ní bí ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, ọkọ̀ ìbáà rìn, ìbáà má rìn. F430 tó tẹ̀ lé e ti bọ́ sórí ṣéènì, àmọ́ páìpù èéfín tó kúrò lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń sán. Àwọn bọ́tìnnì inú Ferrari ìgbà náà máa ń yọ́ nínú ooru, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ìgbà tí èèyàn jẹ gúgúrú oníṣúgà. Wọ́n á ní ìdọ̀tí ni. Kì í ṣe ìdọ̀tí o, owó iṣẹ́ ni. Lamborghini Gallardo (2003 sí 2013) tó bá ní gíà e-gear, èyí tí ẹ̀rọ ń bá awakọ̀ tẹ kíláàṣì, kíláàṣì náà ni kí ẹ bi wọ́n. Kọ̀ǹpútà lè ka iye tó ṣẹ́kù lára rẹ̀. BMW M3 onísílíńdà 8, bẹ́àrín ọ̀pá pístìnì ni tirẹ̀.

N kò ní kẹ́nikẹ́ni má ra Ferrari. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé àkọ́rà rẹ̀ nìyí, tó sì ń gbé ní Ìyàgbà tàbí Ìjùmú, kó jẹ́ kí Boxster kọ́kọ́ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ná. Ilé-ìwé yẹn náà kì í ṣe ọ̀fẹ́.

2. Ìwé rẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ńbà ara ọkọ̀, ìyẹn VIN, jẹ́ lẹ́tà àti fígọ̀ 17. Ti Porsche bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WP0, ti Ferrari ZFF, ti Lamborghini ZHW. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀ fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà: 1 ni 2001, 5 ni 2005, 9 ni 2009, lẹ́yìn náà ló di A fún 2010. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú VIN. Bí ẹ bá rí lẹ́tà O níbì kan nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́. Ẹ wò ó lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ wò ó lára férémù ilẹ̀kùn, kí ẹ tún wo ìwé lílẹ̀ tí Porsche máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu, kí wọ́n sì bá ìwé ọkọ̀ mu.

Ẹ wá tẹ nọ́ńbà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé ló gba ọjà gbàǹjo kọjá, àwòrán wọn a sì máa wà níbẹ̀. Mo tẹ ti 911 kan lọ́jọ́ kan, àwòrán yọ: omi ti mu ún dé ìdajì ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń tà á ò sẹ́, ó kàn ní kí ló dé tí mo fẹ́ ba ọjà òun jẹ́. Bí ẹ bá rí "salvage" lórí ìwé rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ti kà á sí ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe tó mọ́gbọ́n wá. Ẹ lè rà á bí ó bá wù yín, àmọ́ ẹ má san owó ọkọ̀ tó mọ́ lé e lórí.

Ìwé aṣọ́bodè ló kàn. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnu bodè orí ilẹ̀ wọlé. Èyí tó bá gba ibẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, fàyàwọ́ ni, ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá bá a ni aṣọ́bodè yóò ti gbà á. Wọn ò ní béèrè ẹni tó tà á fún yín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọkọ̀ olóògbé, torí pé ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ nílé wa. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àbúrò mi kan rí Boxster 2001 ní Ìsánlú. Bàbá tó gbé e wálé ti kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń tà á, mílíọ̀nù 14. Ọmọ náà ní ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́, ó ní kọ́kọ́rọ́. Mo bi í pé ọmọ mélòó ni bàbá bí. Ó ní mẹ́fà. Mo ní àwọn márùn-ún tó kù dà. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ àfi bí wọ́n bá mú ìwé àṣẹ ogún wá láti ilé-ẹjọ́ gíga, tí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ sì fọwọ́ sí títà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbà ilé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró kí ìwé náà tó pé. Ìyá tiwa ń sọ pé ẹlòmíràn á ti rà á. Kò sẹ́ni tó rà á.

3. Ẹ bá ẹ́ńjìnnì nínú òtútù

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á láti ọjọ́ kejì pé kó má tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló dára jù, pàápàá nínú ọyẹ́. Bí ẹ bá dé, kí ẹ tó kí èèyàn tán, ẹ ti fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti ń pa nǹkan mọ́.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo bá ọkùnrin kan lọ wo 911 ní Àbújá. A dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, ọkọ̀ ti ń kùn bí oyin, wọ́n ní àwọn tan ẹ́síì sílẹ̀ dè wá kí ooru má mú wa. Ẹ wo ìtọ́jú! Mo gbádùn ẹ́síì náà. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a tan ọkọ̀ ní Lọ́kọ́ja, ẹ́ńjìnnì ń dún gbá-gbá-gbá bí ẹni ń fi ìṣó gbá páànù, èéfín aláwọ̀ búlúù bo ilẹ̀. Sílíńdà ti ha. Ọkùnrin náà ò bá mi jà, ó kàn dẹ́kun pípè mí. Mo fẹ́ kó bá mi jà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ tan án nínú òtútù, kí ẹ pa rédíò, kí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Èéfín búlúù díẹ̀ tó jáde lẹ́ẹ̀kan tó sì lọ kì í ṣe nǹkan bàbàrà lára Porsche, torí pé ẹ́ńjìnnì wọn dùbúlẹ̀ ni, ọ́ìlì díẹ̀ a máa sun sínú sílíńdà. Èyí tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Èéfín funfun tó ń rùn dídùn-dídùn, omi radiétọ̀ ló ń jó. Ìró irin tó ń ha irin láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ẹ pa á, kí ẹ máa lọ sílé.

4. Ara ọkọ̀, àti ewé máńgòrò

Ẹ gbé ọkọ̀ bọ́ sínú oòrùn, kí wọ́n ti fọ eruku pupa kúrò lára rẹ̀. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tó ń wọn ìnípọn kíkùn. Kíkùn ilé-iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 míkírọ́ọ̀nù. Ibi tó bá fò kọjá 300, ó ṣeé ṣe kí àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà ti fi àmọ̀ dí i. Ẹni tí kò bá ní in lè lo mágínẹ́ẹ̀tì tí a fi aṣọ wé, ó ṣiṣẹ́ lára Porsche ìgbà yẹn torí irin ni ara wọn. Lára Ferrari 360 tàbí Gallardo, mágínẹ́ẹ̀tì ò ní mú ohunkóhun: alumíníọ̀mù ni wọ́n.

Boxster Ìsánlú yẹn, kíkùn rẹ̀ dára. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni òrùlé aṣọ rẹ̀. Ihò kékeré wà lápá ọ̀tún àti òsì níbi tí òrùlé ti ń ká sí, ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde sílẹ̀. Òjò ọdún mẹ́ta ti kó ewé máńgòrò sínú rẹ̀, ó ti jẹrà, ó ti di ilẹ̀dú, nǹkan ti hù níbẹ̀. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde mọ́ ti yà sínú ọkọ̀. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níwájú ìjókòó awakọ̀, fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ro tótótó bí kànrìnkàn. Abẹ́ ìjókòó òsì yẹn gan-an ni Porsche gbé àpótí tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, tó ń dènà olè, sí. Tí omi bá mu ún, ọkọ̀ lè máa kọ̀ láti tan, tàbí kí ìdágìrì rẹ̀ máa ké lóru fúnra rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì o, ẹ má tijú. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, kí ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ kọ ìlà sí i lára: ọkọ̀ tí àgbàrá mu kì í lè fi ìyẹn pamọ́.

Iná "airbag" gbọ́dọ̀ tàn tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tí kò tàn rárá burú ju èyí tí kò kú lọ. Àwọn kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ ni.

5. Abẹ́ rẹ̀

Jáàkì ọ̀dọ̀ fọganáísà wa kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ yìí. Ẹ mú pákó méjì tó nípọn dání, kí ẹ wa táyà gun orí rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kí jáàkì wọlé sí ibi tí ilé-iṣẹ́ sàmì sí. Ẹni tó bá gbé jáàkì ti pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́, ó ti ra ọkọ̀ náà nìyẹn.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíà ti pàdé. Bí ọ́ìlì bá ti rin ibẹ̀, sílì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Kì í pa ọkọ̀, àmọ́ láti dé ibẹ̀, gíà gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Tí gíà bá sì ti wálẹ̀, kíláàṣì àti bẹ́àrín IMS wà níbẹ̀ lójú ẹ̀ẹ̀kan. Lára ọkọ̀ bíi Boxster 2001 yẹn, owó iṣẹ́ kan ni ẹ ó san fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ rántí èyí tí a bá dé orí ìdíyelé.

Bí ẹni tó ń tà á bá gbà, ẹ ní kí wọ́n tú fílítà ọ́ìlì. Mo máa ń gé bébà inú rẹ̀, mo máa ń tẹ́ ẹ sínú oòrùn, mo máa ń ṣí i ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po bí ẹni ń ka Bíbélì. Bí ó bá ń dán yinrin-yinrin, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Irin tó fò mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ bẹ́àrín. Èyí tí kò fò lè jẹ́ alumíníọ̀mù. Ìkankan nínú méjèèjì kò dùn. Ẹni tó bá kọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ tú fílítà, bó ti wù kó fi ẹ̀rín kọ̀ ọ́, ẹ kà á bí ẹni pé irin wà níbẹ̀.

Radiétọ̀ Boxster wà lẹ́yìn ihò bọ́ńpà iwájú, lápá ọ̀tún àti òsì. Ọ̀rá píọ́wọ́tà àti ewé a máa kó síbẹ̀, wọ́n á sì jẹ ẹ́ run. Ẹ ṣí búùtù ẹ̀yìn kí ẹ wo táńkì omi rẹ̀: bí àmì funfun tó ti gbẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti sán.

Táyà: fígọ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà DOT lára rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. 3518, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2018. Táyà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ kà á sí òkú, bí àpá rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Èyí tí Porsche fọwọ́ sí máa ń ní N0, N1 tàbí irú rẹ̀ lára. Ìtóbi ti iwájú yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mẹ́rin tó dọ́gba ṣe ọ̀ṣọ́ fún yín. Ẹ tún wò ó bóyá táyà kọ̀ọ̀kan ní bóòtì kan tí ojú rẹ̀ yàtọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan ló ń tú u. Ẹ bi wọ́n léèrè rẹ̀.

Bíréèkì kò gba àkókò: ìnípọn tí dísìkì kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ bí kálípà Porsche bá jẹ́ yẹ́lò, ẹ dákẹ́ ná kí ẹ mí. Seramíìkì ni dísìkì ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́, iye tí wọ́n sì ń ta tuntun rẹ̀ lè ra ọkọ̀ tí ẹ gùn dé ibẹ̀.

6. Kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ tèmi nìyí, àmọ́ n kò ní gùn ún. Skánà kékeré tí wọ́n ń tà káàkiri máa ka kóòdù àṣìṣe ọkọ̀, kò ní ka ìtàn. Ẹ wá ẹni tó ní èyí tó mọ Porsche, bíi Durametric. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá àwọn ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń ṣe fún ara rẹ̀ ti parí. Bí ó bá ní ọ̀pọ̀ wọn kò tíì parí, ẹnì kan ti pa kóòdù rẹ́ láìpẹ́, bóyá láàárọ̀ yẹn. Ẹ̀fúùfù ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

911 láti 2005 tún ń kọ sílẹ̀ iye ìgbà tí wọ́n fi agbára yí ẹ́ńjìnnì kọjá ààlà, ó pín in sí ìpele 6. Ìpele 1 àti 2 kì í ba mi lẹ́rù. Bí 5 tàbí 6 bá ní nǹkan nínú, ẹnì kan ti fẹ́ fi gíà sí mẹ́rin, ó fi sí méjì. Ó tún ń kọ wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́. Ọ̀kan tí mo rí, máìlì 48,000 ló wà lójú rẹ̀, wákàtí rẹ̀ lé ní 3,200. Ẹ pín in: máìlì 15 ní wákàtí kan. Àfi bí ẹni náà bá ń gbé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti ọjọ́ tó ti rà á. Wọ́n ti dá máìlì padà. Lórí máìlì ẹ̀wẹ̀: ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń ka máìlì. Máìlì 60,000 lé ní kìlómítà 96,000, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe ọ̀kan ní ìkejì.

7. Ẹ wà á

Ọ̀nà kọnkéré Kàbà sí Ọbájànà, kìlómítà 43 ni, ó dára fún iṣẹ́ yìí torí pé ojú rẹ̀ le, ó sì tẹ́jú: bí sítiárìn bá ń gbọ̀n lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀nà. Ẹ ṣọ́ra fún tírélà sìmẹ́ńtì. Ẹ lọ lójú ọjọ́, ẹ má dá lọ, kí ẹ sì padà kí oòrùn tó rẹ̀. Ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn fún ara ilé.

Ẹ fi sí gíà mẹ́rin ní eré jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ké sókè tí ọkọ̀ ò sì yára sí i, kíláàṣì ti lọ. Ẹ jẹ́ kó dúró ní títàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ẹ́síì wà ní títàn, kí ẹ wo abẹ́rẹ́ ooru, kí ẹ sì fetí sí fáànù iwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gun gálọ́ọ̀pù kan níwájú ilé. Bí ọkọ̀ kò bá lè wọ ẹnu ọ̀nà ilé yín, ó yẹ kí ẹ mọ̀ lónìí.

Ohun kan tí wọn kì í sọ: ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ń fẹ́ epo olókítéènì gíga. 98 ni Porsche ń kọ sínú ìwé wọn, epo tí a ń rà ní filín lẹ́bàá ọ̀nà kò tó bẹ́ẹ̀. Yóò rìn, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á dín agbára kù láti gba ara rẹ̀ là. Ẹ má retí agbára tó wà nínú ìwé.

8. Ẹ wá dá owó lé e

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: iye tí ẹni tó ń tà á pè ni wọ́n ti ń ná an wálẹ̀. Ó pe 14, wọ́n ní 11, ó ní 13, wọ́n pàdé ní 12, wọ́n rò pé àwọn ti jèrè. Ẹ gbàgbé iye tó pè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iye tí irú ọkọ̀ náà ń lọ ní Àbújá tàbí Èkó bí ara rẹ̀ bá dá pé, tí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà. Ẹ wá márùn-ún tàbí mẹ́fà tó jọ ọ́, kí ẹ yọ èyí tó wọ́n jù àti èyí tó pọ́ jù kúrò, kí ẹ mú àárín. Ẹ rántí pé iye tí wọ́n ń pè kọ́ ni iye tí wọ́n ń tà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi Boxster Ìsánlú ṣe é. Ẹ má fi àwọn iye yìí lọ ọjà o, náírà ò dúró lójú kan. Ọ̀nà rẹ̀ ni kí ẹ mú. Èyí tó pé nígbà náà, a gbà pé mílíọ̀nù 15. Iṣẹ́ tó wà lára tiwa:

Táyà mẹ́rin, ₦900,000.
Kíláàṣì, IMS àti sílì ẹ̀yìn, gíà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ₦2,200,000.
Táńkì omi àti omi rẹ̀, ₦350,000.
Dísìkì àti páàdì iwájú, ₦600,000.
Bátìrì, ₦150,000.
Àpótí abẹ́ ìjókòó àti kọ́kọ́rọ́ kejì, ₦700,000.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,900,000. Mo fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ kún un fún ohun tí ojú wa kò tó, ₦980,000. Ó di ₦5,880,000. Yọ ọ́ nínú mílíọ̀nù 15, ó ku ₦9,120,000. Ìyẹn ni òkè tí a kò gbọdọ̀ gùn kọjá. A kọ ọ́ sórí bébà, a kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i, mo gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́ níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, mo ní mílíọ̀nù 8 ààbọ̀ la ní. Ó bínú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ka bébà náà láti òkè dé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bi í pé, "Ewé máńgòrò yìí, ṣé irọ́ ni?"

Bébà yẹn lágbára ju ẹnu dídùn lọ. Ẹni tó ń tà ọjà lè bá yín jiyàn pé ọkọ̀ òun dára, kò rọrùn fún un láti jiyàn pé táyà 2014 kì í ṣe ti 2014.

Ohun méjì ló lè mú kí n san ju iye tí ìṣirò bá gbé jáde: ìwé iṣẹ́ tó pé láti ìbẹ̀rẹ̀, àti gíà ọlọ́wọ́ lára ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀tọmátíìkì. Máìlì kékeré kò sí lára wọn. Ọkọ̀ tó dúró ọdún mẹ́ta láìrìn, sílì rẹ̀ ti gbẹ, epo inú táńkì rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo fẹ́ èyí tó rin máìlì 90,000 tí wọ́n ń tọ́jú ju èyí tó rin 30,000 tí adìẹ ń yé ẹyin sí lábẹ́ lọ.

9. Owó sísan

Bí wọ́n bá ní ẹlòmíràn ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí pẹ̀lú owó, ẹ kí ẹlòmíràn náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dákẹ́ ní Ìsánlú kí ẹ̀gbọ́n bàbá tó pè wá. Mílíọ̀nù 9 la rà á.

Ẹ gba báńkì san án sínú àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àṣẹ, ẹ má gbé owó rìn. Kí agbẹjọ́rò kọ ìwé títà, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i níhà méjèèjì. Kí owó náà tó kúrò lọ́wọ́ yín, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, ìwé aṣọ́bodè, ìwé iṣẹ́, àti kọ́kọ́rọ́ bóòtì táyà gbọ́dọ̀ ti wà lórí tábìlì. A gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ní Mọ̀pà ni táyà òsì ti jò, fọganáísà wò ó, ó wo àwa náà, ó ní òun ò ní irinṣẹ́ tó lè tú u. Àbúrò mi gun ọ̀kadà padà sí Ìsánlú. Inú ìgò kọfí kan nínú yàrá bàbá ló ti bá a, pẹ̀lú ìṣó àti bọ́tìnnì aṣọ.